Bí Ẹni Tí Iṣẹ́ Kò Jẹ́ Kó Ráyè Ṣe Lè Dín Ọ̀rá Ara Kù

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdù tàbí Mowe, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Kì í jẹun kó tó jáde. Púfpúf àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló fi ń tan ebi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á wá délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, á jókòó ti ẹ̀bà ńlá. Kò pẹ́, aṣọ kò gba ara mọ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fún un ni pé kó lọ sí jíìmù, kó má sì jẹun lẹ́yìn aago mẹ́fà. Kò ráyè ìkíní, ojú ọ̀nà ló sì wà nígbà tí aago mẹ́fà ń lù. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kó ti pinnu ohun tí yóò jẹ kí ebi àti àárẹ̀ tó mú un, torí ẹni tó ti rẹ̀, ohun tó bá kọ́kọ́ kàn án lọ́wọ́ ni yóò jẹ.

Aláboyún, ìyálọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó dín oúnjẹ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride: tó bá dín oúnjẹ kù tí kò dín òògùn kù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Dókítà ló sì ń dín òògùn kù, kì í ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ara yín dáadáa

Ẹ ra téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò àti ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, téèpù ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀rá inú ikùn, èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ló ń fa àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn ju ọ̀rá ìdí àti itan lọ, ìwọ̀n kò sì lè sọ ibi tí ọ̀rá wà fún yín.

Ẹ dìde dúró, ẹ má fa ikùn wọlé. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ tún wá orí egungun ìbàdí. Àárín méjèèjì ni téèpù ń gbà. Ẹ mí síta wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà. Ibi tí bẹ́líìtì ń dúró kọ́ o: ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ikùn wọn ti yọ ń de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, wọ́n á sì máa sọ pé sáìsì àwọn kò tíì yí padà. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣe là á sílẹ̀, ewu ti bẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin tó bá ti lé ní 94 sẹ̀ǹtímítà àti obìnrin tó bá ti lé ní 80. Tó bá lé ní 102 fún ọkùnrin tàbí 88 fún obìnrin, ewu ọ̀hún ti le gan-an. Èyí tó rọrùn jù láti rántí ni pé kí ìbú ikùn yín má tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní 165 sẹ̀ǹtímítà, ikùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó 82.5.

Fún ìwọ̀n, ẹ fi gíga yín ní mítà pín iye kílò yín, kẹ́ ẹ tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀. Ẹni tó wọn 86 kílò, tó ga ní 1.65 mítà: 86 pín sí 1.65 jẹ́ 52.1, 52.1 pín sí 1.65 jẹ́ 31.6. Láti 18.5 dé 24.9 ló dára, 25 dé 29.9 ti sanra jù, 30 sókè ti di àìsàn. Ẹni tí iṣẹ́ agbára ti mú iṣan rẹ̀ nípọn lè rí 27 láìsí ọ̀rá púpọ̀ lára. Téèpù ni kó gbà gbọ́.

Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ gun ìwọ̀n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sílé ìyàgbẹ́, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta. Nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo ń tanni jẹ. Iyọ̀ inú súyà alẹ́ àná, nǹkan oṣù obìnrin, ìgbẹ́ tí kò tíì jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ ìwọ̀n di ńlá láìsí ọ̀rá kankan tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: epo inú ìkòkò

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ọ̀rá kílò kan lára èèyàn tó nǹkan bíi 7,700 kálórì. Ẹni tó bá ń yọ 500 kálórì kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yóò yọ 3,500 lọ́sẹ̀, ìyẹn kò tó ààbọ̀ kílò. Bó ṣe yẹ kó máa lọ nìyẹn, láti ààbọ̀ kílò dé kílò kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń wá kílò mẹ́wàá lóṣù kan, omi àti iṣan ló máa pàdánù, ebi á sì dá a padà síbi tó ti wá.

Ibi tí 500 náà ti rọrùn jù láti rí ni ìkòkò ọbẹ̀. Ìgò epo 75cl kan ní nǹkan bíi 6,200 kálórì nínú. Tí ìdajì ìgò bá wọ ìkòkò ẹ̀fọ́ tí wọ́n bù sí abọ́ mẹ́wàá, 310 kálórì ti wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹran àti òkèlè tó débẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ 120 kálórì. Tí ẹ bá fi ṣíbí mẹ́fà se ìkòkò kan náà, abọ́ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí 72. Ẹni tó ń jẹ abọ́ méjì lóòjọ́ ti yọ nǹkan bíi 480 kúrò, kò sì febi pa ara rẹ̀. Ẹ má fi ìgò da epo sí ìkòkò mọ́. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Epo pupa, òróró, epo ólífì, epo àgbọn, kálórì kan náà ló wà nínú wọn. Ẹni tó fi ólífì rọ́pò òróró, tó wá ń dà á bó ṣe ń da òróró, owó rẹ̀ nìkan ló dín kù.

Bí ọbẹ̀ ata ṣe ń dùn pẹ̀lú epo díẹ̀ nìyí. Ẹ lọ ata rodo, tàtàṣé, tòmátò àti àlùbọ́sà, ẹ dà á sínú ìkòkò láìfi epo kankan sí i, ẹ gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò fi ki bí ògì tó jinná. Ó lè gba ìṣẹ́jú 25 sí 40. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: ata tí omi rẹ̀ kò gbẹ máa ń kan lẹ́nu, ni wọ́n á bá da epo sí i kí ìkan náà lè lọ. Omi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá fi ṣíbí epo mẹ́rin dín àlùbọ́sà gígé àti irú nínú ìkòkò mìíràn, kí àlùbọ́sà pọ́n díẹ̀, ẹ da ata gbígbẹ náà lé e, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó da omi ẹran sí i. Omi ẹran yẹn náà, ẹ jẹ́ kó sun fìríìjì mọ́jú. Ọ̀rá á dì lójú rẹ̀, ẹ fi ṣíbí họ ọ́ dànù. Edé, irú àti ẹja gbígbẹ á fún ọbẹ̀ ní adùn tí a rò pé epo ló ń fún un.

Àwọn ìyá wa kì í ṣe alápà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí epo léfòó lójú ọbẹ̀. Epo ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọbẹ̀ lójú, kì í tètè bàjẹ́ nígbà tí kò bá síná. Ẹni tó bá dín epo kù gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn: ẹ bu ọbẹ̀ sí abọ́ ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, kó wọ fìrísà láàárín wákàtí méjì tó kúrò lórí iná. Níbi tí iná kò ti dúró, ẹ má se ju ti ọjọ́ méjì lọ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e hó dáadáa lówùúrọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ̀gúsí yàtọ̀. Bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ epo, nítorí náà ẹni tó bá ti lọ ẹ̀gúsí sọ́bẹ̀ kò nílò ju ṣíbí epo méjì lọ fún gbogbo ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òkèlè àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ti fi ẹ̀bà sílẹ̀ lọ bá wíìtì, tí wọn kò sì fọn. Gàrí, èlùbọ́, sẹ̀mó, wíìtì, ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí gbogbo wọn bá ṣì wà ní gbígbẹ, 100 gíráàmù wọn kò jìnnà sí 350 kálórì. Iye tí ẹ ń dà sómi ló ń mú un pọ̀. Ẹni tó sá fún ẹ̀bà torí pé ó ń mú ni sanra, tó wá ro wíìtì tó tóbi jù ú lọ torí pé wọ́n ní ó dára, ó ti fi kún ẹrù ara rẹ̀.

Ẹ yá ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ẹ wọn 80 gíráàmù gàrí, ẹ dà á sínú ife kan, ẹ fi máákà fa ìlà síbi tó dé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìlà yẹn ni òdiwọ̀n yín, ẹ kò sì nílò ìwọ̀n mọ́. 280 kálórì ni. Ẹni tó ti ń ro 200 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan ń jẹ 700 kó tó kan ọbẹ̀. Ìrẹsì tí ẹ kò tíì sè, 75 gíráàmù ló yẹ kó jẹ́ òdiwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀kọ ló dára jù fún alẹ́, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá kàn gé òkèlè kù tí ẹ kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ebi á pa yín dé ibi ìkòkò ní òru. Ẹ̀fọ́ ni kó gba ìdajì abọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbọ̀rọ̀, ewúro, ilá, ewédú. Ẹja, ẹran tàbí ẹyin á gba ìdá mẹ́rin, òkèlè á gba ìdá mẹ́rin tó kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ tó ìlàjì, kẹ́ ẹ tó bu òkèlè. Ó lòdì sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa, pé ẹran ni a ń jẹ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èèyàn yó kí òkèlè tó tán.

Purotéènì ló ń dáàbò bo iṣan nígbà tí oúnjẹ bá dín kù, òun náà ló sì ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ ní yíyó. Ẹ wá 1.2 sí 1.6 gíráàmù lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹni tó ń lé 70 kílò nílò 84 sí 112 gíráàmù. Ẹyin kan jẹ́ 6. 100 gíráàmù ẹja títù tó ti jinná lé díẹ̀ ní 20. Ife ẹ̀wà sísè kan jẹ́ bíi 15. Pọ̀nmọ́ kò lè dúró fún ẹran, torí ó ṣaláìní ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe. Ẹ jẹ ẹ́ fún adùn, kẹ́ ẹ sì fi ẹja tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wákàtí méjì ní ìparí ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ètò yìí ti ń dúró tàbí ṣubú. Ẹ rẹ ẹ̀wà 500 gíráàmù lóru ọjọ́ tó ṣáájú, kí bíbó rẹ̀ lè yá. Bí ẹ bá gbé ata kaná kó máa gbẹ, ẹ gbé ẹja kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bó ẹ̀wà, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín. Ṣíbí epo mẹ́rin, ẹyin sísè márùn-ún àti ẹja fífọ́ tó fún un, ẹ sì lè rí bíi mẹ́wàá nínú rẹ̀. Tó bá tutù, ẹ kó o sí fìrísà. Mọ́ínmọ́ín méjì nínú kúlà kékeré ni oúnjẹ òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán, kò nílò ọbẹ̀, a sì lè jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Àkàrà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ìyẹ̀fun ẹ̀wà ń fa òróró mu bó ṣe ń dín. Tí òróró kò bá tíì gbóná kẹ́ ẹ tó dà á sí i, ó ń fà á ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ ṣa ẹ̀fọ́, ẹ gé e, ẹ fi omi gbígbóná ṣán an ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fún un gbẹ, ẹ dì í sí láílọ́ọ̀nù ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá délé, ẹ̀fọ́ rírò kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹyin ní tirẹ̀, ẹ máa se é láràárọ̀ níbi tí kò bá síná. Tí fìríìjì bá ń tutù dáadáa, ẹyin sísè tí a kò tíì bó lè lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ojú ọ̀nà

Ẹ kó nǹkan wọnyí sápò kẹ́ ẹ tó jáde: omi, ẹyin sísè méjì, ìgbá tàbí kùkúmbà, ẹ̀pà 30 gíráàmù tí ẹ ti dì sọ́tọ̀. Ẹ̀pà dára, ṣùgbọ́n ìgò ẹ̀pà kò dára fún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. 30 gíráàmù jẹ́ nǹkan bíi 170 kálórì. 100 gíráàmù ti lé ní 550. Bọ̀ọ̀lì kan pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀ sàn ju púfpúf, búnsì àti ìpékeré lọ fíìfíì.

Ohun mímu ló ń ṣe ibi jù, torí ṣúgà olómi kì í ju ebi nù. Ẹ ka ara ìgò: tí wọ́n bá kọ 50 gíráàmù ṣúgà, ẹ pín in sí 4, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ṣíbí tíì 12 àti ààbọ̀. Ẹ ṣọ́ra, àwọn kan ń kọ iye ṣúgà fún 100ml dípò gbogbo ìgò. Mọ́ltì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ló kún inú rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Zóbò tí ẹ fúnra yín sè láìfi ṣúgà sí i, tí ẹ fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí, kò ní ìṣòro. Ìgò bíà 60cl kan súnmọ́ 240 kálórì, ẹran súyà tó sì ń tẹ̀ lé e kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: alẹ́

Kálórì tí ẹ jẹ ní gbogbo ọjọ́ ló ń ṣàkóso ọ̀rá, aago kọ́. Ohun tó ń ba alẹ́ jẹ́ ni pé ebi gbogbo ọjọ́ ló ń kóra jọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ oúnjẹ tó wúwo jù ní ọ̀sán, láàárín aago kan sí méjì. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ ní aago márùn-ún, ẹ jẹ ẹyin kan àti èso kan. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ni a bá fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn tó bá jẹ́ pé a ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ nǹkan ní aago márùn-ún á délé pẹ̀lú ebi tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja àti ẹ̀kọ kan á sì tó o.

Ààwẹ̀ tí àwọn kan ń gbà láti fọn, kí wọ́n má jẹun títí di aago kan ọ̀sán, ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò bá jẹ méjì papọ̀ nígbà tó bá ṣínu. Kò ní agbára mìíràn yàtọ̀ sí pé ó ń dín oúnjẹ kù.

Oorun wà lára ètò yìí. Ẹni tí kò sùn tó, ohun tó ń pa ebi nínú ara rẹ̀ á dín kù, èyí tó ń ru ebi sókè á pọ̀ sí i. Wákàtí 7 ló yẹ àgbàlagbà. Tí ẹ bá ń sun 5, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún un lọ́sẹ̀ yìí: ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ẹ gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń hanrun kíkan, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tó sì ń tòògbé lójú iṣẹ́, kó lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ keje: ara gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́

150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni WHO ní kó kéré mọ, pẹ̀lú ọjọ́ méjì fún iṣẹ́ iṣan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣáájú ti yín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ márùn-ún, ti pé 150. Ẹ rìn kánkán débi tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin.

Fún iṣan, ìṣẹ́jú 20 nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ fọwọ́ ti ògiri tàbí etí tábìlì, ẹ rọra ká apá, ẹ tì padà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, kí ẹ̀yìn tọ́, ẹ fa kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún, tí í ṣe kílò márùn-ún, sókè sí ìhà, ẹ̀ẹ̀mejìlá lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ̀yìn kanlẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ìyípo mẹ́ta. Bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá bá ti rọrùn, ẹ fi méjì kún un.

Ọ̀rá kì í jáde láti ojú kan tí a yàn. Ẹni tó ń ṣe eré ikùn ní ẹ̀ẹ̀ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, iṣan abẹ́ ọ̀rá ló ń le, ọ̀rá náà á wà lórí rẹ̀. Ìgbànú ìfúnkùn ń ti ọ̀rá sápá kan ni, tí ẹ bá tú u, ó padà. Tíì ìfọn tó ní ewé senna nínú, ìgbẹ́ àti omi ló ń tú jáde, ó sì lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú.

Tí ìwọ̀n bá kọ̀, tí kò lọ mọ́

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè yọ kílò méjì. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó lọ́ra já yín kulẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí téèpù àti ìwọ̀n kò yí, ẹ wo ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó yọ 500 lọ́jọ́ márùn-ún ti yọ 2,500; jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín àti ìgò bíà mẹ́rin lójúde ìnáwó lè dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan. Níbi ìnáwó, ẹ mu omi kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ yan ìrẹsì tàbí iyán, ọ̀kan péré, ẹ má sì gbé tí-a-dì-sílé bọ̀.

Ó tún lè jẹ́ òògùn. Cyproheptadine àti dexamethasone, tí àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sanra, prednisolone, àti abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí kan, gbogbo wọn lè mú ara tóbi. Ẹ má dá òògùn tí dókítà fún yín dúró. Ẹ padà lọ bá a. Ẹni tó ń sanra tí òtútù ń mú, tí irun ń já, tí ìgbẹ́ sì ń le, kí wọ́n yẹ thyroid rẹ̀, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, wò. Ẹni tó ń fọn láìṣe ohunkóhun náà, kó tètè lọ síléèwòsàn.

Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀. «Ẹ mà ti rù o, ṣé kò sí?» Níbi tí wọ́n ti ń fi ara rìbìtì mọ ẹni tó ń jẹ̀gbádùn, ọ̀rọ̀ yìí ti dá ọ̀pọ̀ padà sídìí ìkòkò. Ẹ dáhùn pé ara dá ṣáṣá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́únjẹ nílé mọ nọ́ńbà téèpù yín, kó lè mọ ìdí tí ọbẹ̀ fi yí padà.

Nígbà tí ikùn bá ti bọ́ sábẹ́ ìdajì gíga yín, ẹ fi 100 kálórì kún oúnjẹ òòjọ́, ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ìwọ̀n bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ tún fi 100 kún un, títí ìwọ̀n yóò fi dúró sójú kan. Ẹ máa fi téèpù wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sókè, ẹ padà sórí ṣíbí epo àti ìlà ara ife gàrí.